Ẹja Inú Ìgò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, kì í sì í ṣe ẹja tí a fi ń jẹ ẹ̀bà. Ẹja kan tí kò gùn ju ìka àárín mi lọ ló gba oorun lójú mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì tíì rí oorun náà gbà padà tán.

Ọmọ àbúrò mi, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ló gbé e wá sí Òṣogbo láti Èkó nígbà ìsinmi. Inú ìgò jáàmù ló wà, wọ́n dá ihò mẹ́ta sí ìdérí rẹ̀. Ẹja náà pupa bí aṣọ àlàárì, ìrù rẹ̀ gùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ yí padà báyìí, ìrù á kan gíláàsì lẹ́yìn, imú á kan gíláàsì níwájú. Mo bi ọmọ náà pé ilé ẹja dà. Ó ní, "Dádì Òṣogbo, ilé rẹ̀ nìyí. Ẹni tó tà á fún wa ní kò fẹ́ràn omi púpọ̀. Ó ní kò ní kú."

Kò ní kú! Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹja tó jẹ́. Bẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Táílándì, tí ayé àtijọ́ mọ̀ sí Siam, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa, kódà ní ọdún 2019 ni ìjọba wọn fi í ṣe ẹran omi tó dúró fún orílẹ̀-èdè wọn. Inú omi tí kò jìn, tí kì í sáré ṣàn, ló ń gbé: inú oko ìrẹsì, inú àbàtà, láàárín ewéko. Ẹ̀yà ara kan wà nínú orí rẹ̀ tó fi lè yọ ẹnu sókè omi kó sì mí afẹ́fẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kú nínú omi tó ti bàjẹ́. Nítorí náà ẹni tó tà á fún wọn kò purọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọjọ́ tí ọ̀dá bá dá, tí omi oko bá fà, tó ku ṣín-ń-ṣín, ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe fún un ní ẹ̀bùn yìí, kí ó lè rọ́jú títí òjò yóò fi dé. Àwa wá mú ọjọ́ ìṣòro yẹn, a sọ ọ́ di ìgbé ayé ojoojúmọ́ fún un. Agbára tó fi ń fara dà á la fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Wọ́n tún ní oníjà ni. Òótọ́ ni, akọ méjì kì í gbé ibì kan; àwọn ará Siam a máa kó wọn pọ̀, wọn a sì fi owó ta á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí ní oko ìrẹsì. Bí akọ méjì bá pàdé, wọ́n á fẹ̀ sí ara wọn, wọ́n lè bu ara wọn jẹ, èyí tí a bá ṣẹ́gun á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ìjà parí. Nínú ìgò, níbo ni yóò sá gbà? Èyí tó lágbára á máa fa ìrù èkejì ya, títí ìyẹn yóò fi kú. Ìgò ló pa á o, kì í ṣe ìwà. Èmi náà ti rí obìnrin méjì tó ń fa ara wọn láṣọ ya nítorí ààyè ìkòkò lójú ọ̀nà àárín ilé, tí mo sì sọ pé oníjà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, n óò padà síbẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí irú ilé tó yẹ ẹja náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn sọ pé ó kéré tán, kí omi rẹ̀ tó nǹkan bíi 19 lítà, ẹ̀yin ará ilé sì mọ̀ pé ìyẹn lé díẹ̀ ní gáráwà kan. Ṣùgbọ́n títóbi nìkan kọ́. Ìrù rẹ̀ gùn, ó wúwo fún un, bí omi bá jìn jù, lílọ bíbọ̀ láti mí á rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ilé tó fẹ̀ sàn ju ilé tó ga lọ. Kí omi má máa rú gùdù. Kí ewéko wà tí yóò sá pamọ́ sí. Kí ìdérí wà, nítorí a máa fò jáde, kí àlàfo sì wà láàárín ìdérí àti omi tí yóò fi mí. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti 24 dé 28 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Ojú ọjọ́ Òṣogbo ń ṣe ìyẹn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àfi òwúrọ̀ ọyẹ́. Omi tó pọ̀ a sì máa dárí ji ẹni tó ń sin ẹja: bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, bí ìgbẹ́ ẹja bá pọ̀, kò ní tètè di májèlé bíi ti inú ìgò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gé gíláàsì ní Iléṣà, òun ni mo mú ọmọ náà tọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Bó ṣe ń gé e lọ́wọ́, a yà sí ọjà Àtakúńmọ̀sà láti ra àrọ̀ tí a óò sè lálẹ́. Àrọ̀ mẹ́wàá ló wà nínú abọ́ kan, omi kò bo ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ẹ̀bùn kan náà ni bẹ́tà àti àrọ̀ jọ gbà. Ọmọ náà bá ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi kún un fún wọn." Ìyá eléja wo mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ lálẹ́ òní lẹ tún ń wá ilé fún un?" Síbẹ̀ ó bu omi kún un.

Ẹnu mi wọhò. Nígbà tó yá, mo rí èsì wá: ẹja tí a fẹ́ jẹ, ọjọ́ kan ni inú abọ́ jẹ́ nínú ayé rẹ̀, ẹja tí a ń wò, gbogbo ayé rẹ̀ ni ibi tí a bá fi í sí. Mo rò pé èsì náà dára. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló tẹ́ lọ́rùn, kì í ṣe ọkàn mi, nítorí mo jẹ àrọ̀ náà lálẹ́, ó sì dùn.

Ọjọ́ kejì mo mú un lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Ẹ mọ̀ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé ẹja ló sọ ọba ìlú wa lórúkọ: Lárọ́òyè bọ odò, ẹja ńlá tó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun jáde, ọba tẹ́wọ́ gbà á, ìyẹn ni Atẹ́wọ́gbẹja tó di Àtáọ́ja. A kì í pẹja níbẹ̀. Ìjọba sọ igbó náà di ohun àjogúnbá ní 1965, UNESCO gbà á wọlé ní 2005. Mo ń fi èyí yangàn fún ọmọ náà pé ẹ wo irú ilé tí a fún ẹja tiwa, kò nígun, kò ní gíláàsì. Ó wo omi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Dádì Òṣogbo, ta ló ń pààrọ̀ omi wọn?"

Mo ní Ọlọ́run ni, òjò ni. Ṣùgbọ́n ojú mi kò lè gbé sókè. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí omi yẹn ti pọ́n bí ẹrẹ̀, wọ́n sì ní ara ohun tó fà á ni àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lókè odò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. A kò pa ẹja. A kàn jẹ́ kí ilé rẹ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lórí, a sì ń sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá kan ibi tí mo ní n óò padà sí. Mo ní ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Nínú yàrá kẹta, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin ni. Sítọ̀ọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé tí mo tì pa, mo ní lọ́kàn láti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tó kọjá, ìyá àwọn ọmọ náà wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ méjì tó ti dàgbà máa sùn níbẹ̀. Mo rántí èsì tí mo fún un. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti ń gbé e láti ọdún mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó kú."

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la da bẹ́tà sínú ilé rẹ̀ tuntun. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí igun kan, ibẹ̀ ló dúró sí, ó ń yí po níwọ̀n ibi tí ìgò jáàmù yẹn fẹ̀ mọ. Lọ́jọ́ Àìkú bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Ajé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní, "Àbí kò mọ̀ pé àyè wà ni?" Ọjọ́ kẹrin ló tó kọjá ìdajì àpótí.

Ìyá yàrá kẹta kò bi mí léèrè sítọ̀ọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá onílé," ló ń sọ, á kúnlẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ náà wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò jáàmù tó ti ṣófo.