Ṣé Ewé Mọ Ẹni Tó Jẹ̀bi?

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa lẹ́yìn ìsìn, tí a kì í sì í bá a dé òpin: ṣé ó tọ́ kí Aládùúrà lo ewé àti egbò? Ẹlòmíràn á ní ẹ̀ṣẹ̀ gbáà ni. Ẹlòmíràn á ní, ta ló dá ewé bí kì í bá ṣe Ọlọ́run? Tọ̀tún tòsì ló ní ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ ìyẹn, òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: nígbà tí a bá fi ewé sí ẹnu ọmọnìkejì wa, ta ni yóò dáhùn fún ohun tí ewé náà bá ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfulúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Nígbà tó yá, wọ́n kọ àgbo, wọ́n sì kọ oògùn òyìnbó pẹ̀lú. Ó nídìí. Àwọn dókítà ìgbà náà kò ní oògùn tó lè wo àrùn yẹn. Àgbo ilé náà sì ti so mọ́ ẹbọ àti ọfọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ kọ òrìṣà sílẹ̀ kò mọ ibi tí òun yóò ti ya ewé kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ kuníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò sí ibà wà lára ohun tó tú àwọn àti àwọn Aládùúrà ká. Kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn tí kò pín sí méjì ni wọ́n ń wá. Ohun tó kù fún àwa ni láti bèèrè bóyá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lè bá ìmọ̀ gbé pọ̀.

ÌKÒKÒ ÀWỌN ỌMỌ WÒLÍÌ

Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, láti ẹsẹ 38. Ìyàn mú ní Gílígálì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì lọ sí oko láti wá ewébẹ̀, ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Wọn kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ wo ẹni tó ṣe é: kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe àjẹ́. Ọmọ wòlíì ni, ebi ń pa òun náà, oore ló fẹ́ ṣe àwọn ará rẹ̀. Síbẹ̀ májèlé ló sè. Inú rere rẹ̀ kò yí èso yẹn padà rárá.

Kí ló gbà wọ́n? Àwọn tó tọ́ ọ wò ló kọ́kọ́ kígbe pé ikú wà nínú rẹ̀. Èlíṣà kò bá wọn wí pé wọn kò nígbàgbọ́. Iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ wá lẹ́yìn igbe náà. Bí wọ́n bá ti dákẹ́ nítorí pé ọmọ wòlíì ló sè é ńkọ́?

ÀGBO GÌRÌ

Ẹ jẹ́ kí a wálé. Bí gìrì bá gbé ọmọ, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí eyín rẹ̀ di pọ̀, àgbo ìtọ̀ màlúù ni ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ wa ti máa ń sáré sí. Wọ́n máa ń rẹ ewé tábà sínú rẹ̀, pẹ̀lú efinrin, aáyù, àlùbọ́sà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa ohun tó ń ṣe fún ọmọ. Oró tó wà nínú tábà, tí wọ́n ń pè ní nikotíìnì, máa ń bá ọpọlọ àti iṣan jà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á lọ sílẹ̀, mímí rẹ̀ á máa fà. Nítorí pé kò sì lè gbé nǹkan mì dáadáa, àgbo náà á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmọ mìíràn kú. Òmíràn yè, ṣùgbọ́n kò rìn mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni gìrì tí ara gbígbóná fà, lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kì í ju ìṣẹ́jú 5 lọ kí ó tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọmọ tí ì bá dìde jókòó kí ilẹ̀ tó ṣú ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fún ní májèlé mu.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Òwe wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìkòkò àgbo ṣì wà nídìí ààrò, kò sẹ́ni tó wò ó. Gbogbo ojú á yí sí ìyá opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí kò bímọ, tó máa ń dá sọ̀rọ̀. Ewé kan ti pa ọmọ. Ẹ wá wo bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń fi òmíràn wá ẹni tó pa á.

Ọ̀BỌ̀ ÀTI ÈSÈRÈ

Igi ńlá ni ọ̀bọ̀, ó wà nínú igbó wa. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń gún sínú omi fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Bó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá kú, wọ́n á ní, ẹ ò rí i? Ní Calabar, hóró èsèrè ni wọ́n ń lò fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Lónìí, iṣẹ́ tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣe lára ti hàn kedere. Oró èèpo ọ̀bọ̀ máa ń dojú kọ ọkàn tó ń lù láyà wa títí yóò fi dá dúró. Oró èsèrè máa ń mú kí itọ́ máa dà, kí ara rọ, kí mímí dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá tètè bì í ti lé oró jáde. Ẹni tí kò bì í ti gbé e mọ́ra. Ikùn ló ń dájọ́, òótọ́ ò sí níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Edinburgh, Robert Christison, jẹ díẹ̀ nínú hóró èsèrè ní ọdún 1855 kí ó lè mọ bó ṣe rí. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó yára gbé omi tó fi fá irùngbọ̀n mu kí ó lè bì. Ó bì, ó sì yè. Àjẹ́ ha ni bí, tí a dá láre? Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án. Omi ọṣẹ ló gbà á. Ní ọdún 1864, àwọn onímọ̀ Jámánì yọ ojúlówó oró náà jáde nínú hóró yìí, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1870, àwọn dókítà ojú ti ń kán an sí ojú àwọn tí àrùn glaucoma fẹ́ fọ́ lójú. Hóró kan náà! Ó pa opó ní Calabar, ó gba ojú ẹlòmíràn là ní Yúróòpù. Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ewé ní agbára, kò ní ìdájọ́. Ọwọ́ àwa tí a mú un dání ni ìdájọ́ wà, àwa náà la ó sì dáhùn.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà dárúkọ ọ̀bọ̀ àti èsèrè ní apá 207, ó sì ka fífi wọ́n dán ènìyàn wò léèwọ̀. Apá 210 sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ọmọnìkejì rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Òfin yìí wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn Atinga gba Dahomey wọ ilẹ̀ Yorùbá ní 1950 sí 1951, tí wọ́n ń wá àjẹ́ láti ìlú dé ìlú. Àwọn ìyá àgbà ló jìyà jù kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní àwọn ilé àdúrà kan, ìríran ti gba ipò ọ̀bọ̀. Wọ́n á tọ́ka sí ìyá ọkọ, tàbí sí ọmọdé tó ń tọ̀ sórí ẹní, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Wọ́n á wá po nǹkan fún un mu, kí ó lè bì ohun tó jẹ lóru. Mo gbà pé ibi wà láyé, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé èébì kì í ṣe ẹ̀rí. Wòlíì tó bá ń fi ikùn ènìyàn ṣe ilé ẹjọ́ ti padà sí ìdí igi ọ̀bọ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ funfun ló wọ̀.

Nígbà mìíràn pàápàá, iṣẹ́ òdòdó lásán la máa ń pè ní iṣẹ́ àjẹ́. Gegemu máa ń hù lẹ́bàá àkìtàn, òdòdó rẹ̀ funfun, ó gùn, ó lanu bí fèrè. Ẹni tó bá mu omi rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ẹyinjú rẹ̀ á fẹ̀, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń rẹ ẹ́ sínú ọtí. Bí orí wọn bá dàrú, ará ilé á ní ayé ló ṣe wọ́n. Kí a tó wá ọ̀tá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọmọ jẹ àti ohun tó mu.

ÌYÁ ÀGBÀ ÀTI DÓKÍTÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú àwọn ìyá tó mọ ewé. Ní ọdún 1775, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Withering, gbọ́ nípa àgbo tí ìyá àgbà kan ní Shropshire fi ń wo ara wíwú. Nǹkan bí ewé 20 ló wà nínú rẹ̀. Withering rí i pé ewé òdòdó foxglove ló ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀ rẹ̀ ń ran ọkàn tó rẹ̀ lọ́wọ́, àpọ̀jù rẹ̀ ń pa á. Ọdún 10 ló fi ń wá ìwọ̀n rẹ̀ kiri. Nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1785, ó kọ ìtàn àwọn tó sàn, ó sì kọ ti àwọn tí kò sàn. Ìyẹn ni ẹ̀rí-ọkàn nínú ìṣègùn. Ẹni tó bá ń ròyìn àwọn tó sàn nìkan, ọjà ló ń tà.

KÍ LA Ó ṢE?

Ẹni tó bá fẹ́ lo ewé, kí ó mọ ewé, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé mẹ́ta láti ìlú kan sí èkejì. Kí ó mọ ìwọ̀n, kí ó sì rántí pé ara ọmọdé àti ti aboyún kì í ṣe ara ẹ̀yin géńdé. Ẹ má da ohunkóhun sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ dárúkọ àgbo tí ẹ ti lò. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́, torí dókítà ò lè wo oró tí kò mọ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ lo ewé tàbí oògùn kankan nítorí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Ọlọ́run, a bọ̀wọ̀ fún un. Ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fúnra mi, kò tọ́ kí n fi ọmọ mi san án. Ọmọ ọdún méjì ò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Hesekáyà gbàdúrà, ó sunkún, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́, kí wọ́n fi lé ojú eéwo rẹ̀ (Aísáyà 38). Àdúrà kò ba èso jẹ́, èso kò sì ba àdúrà jẹ́.

Ẹ̀yin ará, kí ikú má wà nínú ìkòkò wa. Bí a bá sì ṣèèṣì se é, kí Ọlọ́run fún wa ní ẹni tí yóò kígbe, kí ó sì fún àwa ní etí tí yóò gbọ́, ìbáà jẹ́ opó tí a ń fojú burúkú wò ni ó kígbe. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣèyíṣàmọ́dún o. Àmín.