Wọ́n Ní Kò Léwu

Ìwọ aláboyún tó ń gbé l'Agbowa, àti ìwọ ọkọ rẹ̀, ẹ fetí sí mi. Nígbà tí èébì àárọ̀ bá ń dà ọ́ láàmú, tí o kò rí oorun sùn, ọ̀dọ̀ ta lo kọ́kọ́ ń lọ? Ọ̀pọ̀ a yà sí kẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá ọjà, wọn a ní kí wọ́n fún àwọn ní nǹkan tó máa ṣiṣẹ́ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ ìtàn oògùn kan.

Thalidomide ni oògùn náà ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé e wọ ọjà lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1957. Oògùn oorun ni, a máa dá èébì dúró pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni ló sì lè rà á láìsí ìwé dókítà. Kò pẹ́ tó fi dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 40. Nílùú Òyìnbó, ìpolówó rẹ̀ sọ pé kò léwu rárá fún aláboyún.

Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń fọwọ́ sọ̀yà? Eku ni wọ́n fún jẹ, eku ò kú. Wọn ò yẹ ohun tó lè ṣe fún ọmọ inú wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ gan-an nìyí. Kí oògùn tó jáde rárá, lọ́jọ́ Kérésìmesì 1956, ìyàwó òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà kan bí ọmọ tí kò ní etí. Ọkọ rẹ̀ ló mú oògùn náà wálé fún un. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ń ròyìn pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń lò ó ń kú tìpìrì. Ó yẹ kí wọ́n dá ọjà dúró nígbà náà, kí wọ́n wádìí. Wọ́n ń tà á lọ. Owó ń wọlé, wọ́n sì yàn láti máa gba owó.

Obìnrin kan tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà yẹ oògùn wò kí wọ́n tó tà á, Frances Kelsey, kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Oṣù Kẹsàn-án 1960 ni ìwé dé iwájú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ tà á ń yọ ọ́ lẹ́nu léraléra. Ó ní bó bá ń ba iṣan àgbàlagbà jẹ́, kí ni yóò ṣe fún ọmọ inú? Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un.

Ní oṣù Kọkànlá 1961, dókítà Widukind Lenz ní Hamburg pariwo síta, ìgbà yẹn ni wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Nǹkan bí ọmọ 10,000 ló ti fara gbá a káàkiri ayé. Ọwọ́ àwọn mìíràn so mọ́ èjìká wọn tààrà. Ọ̀pọ̀ kú ní ọmọ ọwọ́.

Ọdún 2010 ni Takumi Ito àti Hiroshi Handa ní Japan tú àṣírí rẹ̀. Nínú ara wa ni purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní cereblon, tó ń bá ara sàmì sí àwọn purotéènì tó yẹ kó fọ́ dànù. Bí thalidomide bá lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sàmì sí èyí tí kò yẹ, títí kan SALL4 tí ọmọ inú fi ń dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Cereblon ti eku yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, òun ló yọ eku.

Ìwọ obìnrin, nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 36 lẹ́yìn tí oyún dúró ni oògùn yìí ń ṣọṣẹ́. O lè má tíì mọ̀ pé o lóyún. Bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́, sọ fún nọ́ọ̀sì kí o tó gbé ohunkóhun mì, má sì gba oògùn aládùúgbò.

Thalidomide ṣì wà, nítorí ó wúlò fún àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀. Ní Brazil, wọ́n ya àwòrán aláboyún tí wọ́n fa ìlà lé lórí sára páálí rẹ̀. Àwọn obìnrin kan rò pé oògùn tó ń dènà oyún ni. Títí di ọdún 2005 àti 2006, wọ́n ṣì ń bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.