Ẹni Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò: bí ènìyàn bá sanwó kí ó lè da ìdọ̀tí rẹ̀ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ǹjẹ́ ọrùn rẹ̀ ti mọ́?

Ní ọdún 1988, àṣírí tú ní Koko, ìlú etí omi kan ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Delta lónìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá tí ó kún fún májèlé ni wọ́n ti fi ọkọ̀ kó wá láti Ítálì, tí wọ́n tò sí àgbàlá ẹnì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni wọ́n kọ̀wé sílé láti ta wá lólobó. Àwọn kan lè wí pé, onílẹ̀ ṣáà gba owó. Ṣùgbọ́n ìwé ẹrù náà kò sọ òtítọ́. Ìyọ̀ǹda ẹni tí a fi òkùnkùn bò lójú kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá mọ àbùkù ọjà rẹ̀, tí ó fi í pamọ́, ti rẹ́ni jẹ.

Wọ́n kó májèlé náà padà sí Ítálì. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Basel pé májèlé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ kankan láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí onílẹ̀, tí òun náà sì fọwọ́ sí i. Ní 1991, àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àdéhùn tiwọn ní Bamako pé àwọn kò gbà á rárá. Lónìí, ibùdó àdéhùn Basel fún Áfíríkà wà ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Kí ni ìdí tí ìmọ̀ fi ṣe kókó? Ẹ wo bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú. Òjé inú rẹ̀ ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sé èéfín rẹ̀ mọ́, ìbùkún ni. Bí a bá fọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé, tí a da omi rẹ̀ sílẹ̀, tí a yọ́ òjé lórí iná, májèlé yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa, yóò sì ba ọpọlọ wọn jẹ́. Bátìrì kan náà ni. Ìmọ̀ ni ó ya ìbùkún sọ́tọ̀ kúrò lára ìparun. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí ó bá kó ògbólógbòó ọjà rẹ̀ fún wa, tí ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́, kò tíì jẹ́ àmáánà ọrùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe na ìka sí Ítálì nìkan. Ẹni tí ó bá da pàǹtí sínú gọ́tà nígbà tí òjò ń rọ̀ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí àdúgbò ìsàlẹ̀ láìkọ̀wé, láìtọrọ àyè. Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì nílé. Odidi ni kí ẹ tà á. Ẹ má ṣe dáná sun wáyà nítòsí ilé. Kí àwọn tí ó mọ̀ nínú wa sì kọ́ àwọn tí kò mọ̀.

Olówó lè da eérú rẹ̀ sí ibi tí kò ti ní tọ̀ ọ́ láyé. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìṣírò. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a di ìnira fún aládùúgbò wa. Àmín.