Ọwọ́ Ọ̀tún La Fi Ń Júwe: Lórí Àwọn Fíìmù Tí A Pa Tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọmọ tí ó ń tàbùkù ìdílé rẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n òwe náà tún ní ìtumọ̀ mìíràn tí a kì í sábà yẹ̀ wò: ó fi hàn pé iṣẹ́ ńlá ni ìjúwe fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó júwe ọ̀nà fún àlejò ti gba ẹrù kan sọ́rùn. Bí àlejò bá ṣìnà, olùjúwe ní ìpín nínú ìṣìnà náà. Bí ó bá sì mọ ọ̀nà tí ó dákẹ́, ó ní ìpín níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nípa iṣẹ́ ọnà tí a pa tì. Bí ẹnì kan bá mọ fíìmù tí ó dára, tí àwọn ènìyàn kò kà sí mọ́, ǹjẹ́ ó jẹ wọ́n ní gbèsè láti júwe rẹ̀? Bí ó bá sì jẹ gbèsè náà, ọ̀nà wo ni ó yẹ kí ó gbà san án?

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lónìí, láti Òkìtìpupa dé Igbótakò, láti Ìlútitun dé Òde-Ìrèlè, fíìmù kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń yan pupuru lè máa wo fíìmù tuntun lórí fóònù. Ohun tí ó jìnnà sí i ni fíìmù tí a ṣe kí a tó bí i. Kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò lè béèrè rẹ̀. Ohun tí ènìyàn kò bá sì lè béèrè, àfi kí ẹlòmíràn fi hàn án.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìgbàgbé kì í ṣe ìdájọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọnù ni kò níye lórí. Ní 1976 ni Ọlá Balógun, ẹni tí a bí ní ìlú Abá ní 1945, gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá òṣèré bí Hubert Ògúndé, Adé Afọláyàn tí a mọ̀ sí Adé Love, àti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré wọn láti orí ìtàgé bọ́ sínú fíìmù. Owó ńlá ni ẹ̀dà kan ń náni, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Nítorí náà, olówó fíìmù a máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí aláárìnjó ti ń gbé agọ̀ rẹ̀ kiri. A gba owó ìwọlé ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́, a sì di ẹrù rẹ̀ padà. Ìbẹ̀rù olè àdàkọ kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn fi iṣẹ́ wọn sórí fídíò. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, apá wọn kò ká ìnáwó fíìmù mọ́, fídíò sì gba ọjà. Ike tí a fi ṣe fíìmù pàápàá kì í ṣe òkúta. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá mú un pẹ́, a máa rùn bí ọtí kíkan, a máa súnkì, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣá. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti jókòó dájọ́ pé fíìmù wọ̀nyí kò dára. Àìrówó, ìbẹ̀rù àti ooru ni ó gbé wọn pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú wọn. Ìtàn ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan ni Àjàní Ògún, tí ó ń bá olóṣèlú jẹgúdújẹrá jà nítorí ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un; Dúró Ládipọ̀, tí ó kú ní 1978, wà lára àwọn tí ó ṣeré nínú rẹ̀. Ní agbègbè ọlọ́pẹ àti olóko kòkó bí Ìkálẹ̀, níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ ti máa ń ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀, ta ni yóò sọ pé ìtàn yìí ti gbó? Ìjà Òmìnira, tí Balógun darí ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí Adé Love sì kópa nínú rẹ̀, ni a gbé karí Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka ìwé náà ní kíláàsì, tí kò sì mọ̀ pé ó ti di fíìmù, ti pàdánù ìfiwéra tí ó ṣe pàtàkì. Ní 1978, Balógun kan náà gbé Black Goddess jáde láti Brazil, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń wá ìbátan tí oko ẹrú yà nípá, nítorí ìlérí tí ó ṣe fún baba rẹ̀ kí ó tó kú.

Ẹnì kan lè ṣe àtakò pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Yóò ní kí a jẹ́ kí ọ̀dọ́ wo ohun tí ó wù ú, nítorí ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi pàṣẹ. Òótọ́ ni pé a kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni fẹ́ràn fíìmù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjà ni òwe náà ń wí, kì í ṣe ogún. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí a kò fi nǹkan méjì hàn kò tíì yan ọ̀kan. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Olùjúwe kò gba ẹ̀tọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni ó fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ìjúwe tòótọ́, síbẹ̀, kò gbọdọ̀ di ìpọ́nni lásán. Nínú Aiyé (1979) àti Jáiyésinmi (1980), Ògúndé kó ẹwà ọfọ̀, orin àti ijó jọ débi pé àwọn òǹwòran rọ́ lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn àjẹ́ tí ń pa ìlú run ni, àwùjọ tí ó bá gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò lè ṣe arúgbó aláìṣẹ̀ ní ibi. Ẹni tí ó júwe fíìmù wọ̀nyí fún ọmọdé, tí ó sì pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ọwọ́ òsì ni ó fi júwe. Ẹni tí ó sì fi fíìmù náà pamọ́ nítorí àléébù yìí kò ṣe rere jù ú lọ. Kí ó fi ẹwà rẹ̀ hàn, kí ó sì sọ ewu rẹ̀, kí olùwòran fi làákàyè rẹ̀ ṣèdájọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti olè àdàkọ. Ní 1982 ni Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde, ìtàn Làmídì tí ìlérí owó òjijì tàn jẹ. Àwọn olè àdàkọ jí fíìmù náà kí ó tó pa owó rẹ̀ padà, gbèsè sì wọ olówó rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ọjà gbangba ni àwọn wọ̀nyí ti fọn tiwọn. Bàbá Sàlá kú ní 2018. Wàyí o, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà olè nìkan ni ọwọ́ lè tẹ̀ nínú fíìmù àtijọ́ kan, kí ni kí olùjúwe ṣe? Bí ó bá júwe rẹ̀, ó dà bí ẹni tí ń yin ọjà olè; bí ó bá sì dákẹ́, fíìmù náà kú lẹ́ẹ̀kejì, olóògbé kò sì jèrè nínú ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ohun tí ó tọ́ ni kí ó ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó jí i. Kí ó dárúkọ fíìmù náà àti ẹni tí ó ni í ní gbangba, kí ó sọ bí wọ́n ṣe fìyà jẹ ẹ́, kí ó má ṣe ta ẹ̀dà olè, kí ó má sì rà á. Kí ó darí ìbéèrè sọ́dọ̀ àwọn ajogún àti àwọn ilé ìpamọ́ fíìmù, nítorí ìbéèrè ni ó ń jí olówó ohun dìde láti tún un ṣe. Shaihu Umar jẹ́ ẹ̀rí èyí. Adamu Halilu ni ó darí fíìmù Haúsá náà ní 1976, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi rò pé ó ti sọnù. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn kan kò yé wá a, a rí i, a tún un ṣe, a sì fi í hàn ní Berlin ní 2018.

Ní Agbábù, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ kànga láti wá ọ̀dà ilẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìmọ̀ náà nìkan kò sì sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Àwọn àgbà kan ṣì wà ní ìlú wọ̀nyí tí wọ́n jókòó nínú gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn fíìmù àtijọ́ kọjá, tí wọ́n rántí ẹni tí ó ṣeré, orin tí wọ́n kọ, àti ibi tí àwọn ènìyàn ti sunkún. Bí olùkọ́ Yorùbá bá rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bi wọ́n léèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, orúkọ fíìmù kan lè tipa bẹ́ẹ̀ padà sí ẹnu àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà kò ní wà títí láé.