Ìwúre fún Ẹni Méjì Tí Ó Pàtẹ Ojú Ènìyàn

Ìbà Ẹlẹ́dàá tó mọ orí mọ́ wa lọ́rùn láìbi wá irú ojú tí a fẹ́. Ìbà ilẹ̀ Òde-Ìrèlè, ilẹ̀ Olófun ọba, ilẹ̀ Málòkun òrìṣà. Ìbà ọwọ́ tó da àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1938. A ò mọ orúkọ oníṣẹ́, síbẹ̀ bí a bá wo àwọn ojú náà pẹ́, ṣe ló ń dà bíi pé àwọn ló ń wò wá.

Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ yín kọ́ sára ògiri kan náà, tí ọ̀kan kun ọ̀dà, tí ọ̀kan ya fọ́tò, tí ẹ ní ẹ fẹ́ bèèrè ohun tí ènìyàn jẹ́: ẹ pàtẹ, ẹ ò ní tẹ́. Ẹ yàwòrán, ẹ ò ní yà kúrò lọ́nà orí yín. Ohun tí ẹ gbé kọ́ kò ní kọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Kí iṣẹ́ ọ̀kan má gbé ti èkejì mì. Èrò ìwòran a máa fi ẹni méjì wéra kí wọ́n tó wò wọ́n: ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù? Kí ìbéèrè yẹn gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Táyé ní oríkì tirẹ̀, Kẹ́hìndé ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rántí àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún ìgbà kan. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, wọn a ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, kí ìyá lè rí ọmọ méjì tó jókòó tira wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni. Èmi ò pè é nírọ́. Kí iṣẹ́ tiyín náà lè fi àga sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí.

Ojú inú J.D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì ní 1968, kó jẹ́ tiyín: ìpàkọ́ ló yà, a sì mọ̀ pé obìnrin yìí kì í ṣe tọ̀hún. Ìgboyà Rotimi Fani-Kayode onífọ́tò kó bá yín gbé; ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 34 ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1989, kí ọjọ́ tiyín gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tọ́lá Wewe, ọmọ ẹkùn Òkìtìpupa wa, tí wọ́n bí ní 1959, tí ojú kún inú àwòrán rẹ̀ bí ẹja ti í kún inú àwọ̀n, kó pẹ́ fún wa.

Àwa Ìkálẹ̀ mọ púpurú. A rẹ ẹ̀gẹ́, a fún un, a mọ ọ́n róbótó, a gbé e sókè iná títí èéfín fi sọ ọ́ di dúdú. Àlejò á ní ó ti jó. Ìyá tó ni ín á mú ọ̀bẹ, á ha ẹ̀yìn rẹ̀, funfun á yọ. Kí ọ̀bẹ yín mọ ibi tí yóò dúró. Kí ẹ ha èéfín, kí ẹ má ha ènìyàn. Ènìyàn kì í sì í ṣe ohun kan ṣoṣo: ìtàn wa ní Bìní la ti wá, ahọ́n wa ní Yorùbá la jẹ́; ẹni tó bá ní ká yan ọ̀kan, kó kọ́kọ́ lọ ya omi odò sọ́tọ̀ kúrò lára omi òjò.

Owó á wọlé. Àtẹ ni, ẹ má jẹ́ ká tijú owó. Kí àwòrán tó bá bá olówó lọ má bọ́ sílé tí wọn yóò ti kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.

Kí ìyá tí ẹ ya níbi tó ti ń ha púpurú wọlé láìsanwó, kó dúró síwájú ara rẹ̀, kó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó sì bèèrè ẹni tó sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ lòun rí. Àṣẹ.

Ẹ ṣílẹ̀kùn.