Ẹ Wá Jẹun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ǹjẹ́ oúnjẹ lè dùn lẹ́nu, kí a rà á pẹ̀lú owó mímọ́, síbẹ̀ kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ máa fi pamọ́ bí ẹni tí ó jalè?

Àbúrò bàbá mi kan tí ó ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù dé ni ó ní kí n wá bá òun jẹun ní ilé àrójẹ olówó ńlá kan ní Èkó. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó di alẹ́, mo ti jókòó sídìí tábìlì tí a fi aṣọ funfun bò. Oúnjẹ mẹ́jọ ni wọ́n ní a ó jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gbé e wá. Ẹ̀kẹta ni ó yà mí lẹ́nu: àkàrà mẹ́ta, tí kò tóbi ju ẹyin àparò lọ, lórí òkúta dúdú pẹrẹsẹ, pẹ̀lú ẹ̀kán ata kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ìgbà tí tàdáwà bá já bọ́ lẹ́nu gègé. N kò ní purọ́, ó dùn. Ẹni tí ó dín in mọ àkàrà í dín. Inú rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé e wá kò lọ. Ó dúró lẹ́yìn wa, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bí mo ti fẹ́ fi èkejì sẹ́nu ni mo bojú wẹ̀yìn, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Ẹ wá jẹun." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Á gba ibi ire, sà." Àbúrò bàbá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí mo padà délé, ìyá mi bi mí ní ohun tí wọ́n fi ṣe mí lálejò. Mo ní ìrẹsì ni. Àkàrà ni ìyá mi ń dín tà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin náà láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ti ń ná Èkó. Bí n kò bá ṣẹ̀, kí ni mo purọ́ sí?

Mo kọ́kọ́ rò pé owó rẹ̀ ni. Owó oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ju èyí tí ìyá mi í jèrè lórí àkàrà ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ṣùgbọ́n èrò yìí kò dúró. Ẹni tí ó hun aṣọ òkè ń gba owó ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bú u. Kí ló dé tí alásè nìkan ni a ó máa san kọ́bọ̀ fún? Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí àwọn Michelin ilẹ̀ Faransé fún Adéjọkẹ́ Bakare ní ìràwọ̀ nítorí ilé àrójẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dáná. (Chishuru ni orúkọ ilé náà. Èdè Hausa ni, èmi tí ń kọ́ nípa èdè kò sì lè fojú fò ó: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó máa ń wáyé nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀.)

Ẹ sì wo ìlú Salvador ní Bùràsílì. Àwọn ìyá wa tí a kó lẹ́rú débẹ̀ kò gbàgbé àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é títí di òní, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, oúnjẹ Ọya sì ni. Ní ayé ẹrú, àwọn obìnrin a máa kiri oúnjẹ ní ìgboro, wọn a fún olówó wọn ní èyí tí ó bù fún wọn, àwọn mìíràn a sì tọ́jú ìyókù títí wọn yóò fi ra ara wọn padà. Ẹni tí ó bá ní kí oúnjẹ ojú títì má di ọ̀wọ́n, kí ó rántí pé ó ti ra ènìyàn rí. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Bùràsílì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ní ìlú kan náà, ilé àrójẹ ńlá bí Origem, ti Fabrício Lemos àti Lisiane Arouca, ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ Bahia wá ní díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ṣe fún mi ní Èkó. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní Salvador yìí náà, nígbà ọdún Ìbejì ní oṣù kẹsàn-án, ọdún tí wọ́n ń fi orúkọ Cosme àti Damião pè, bí wọ́n bá se ọbẹ̀ ilá tí í jẹ́ caruru, ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù ú fún kí àgbà tó jẹ. Ìgbà tí mo kà nípa èyí ni mo tó mọ ohun tí ó ń dùn mí.

Ní Akínyẹlé lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ń jẹun kì í dákẹ́ bí ẹlòmíràn bá yọ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ òfin ní àṣà ẹnu lásán ni, nítorí nínú mẹ́wàá tí a bá pè, mẹ́sàn-án ni yóò ní á gba ibi ire. Òótọ́ ni. Ẹnì kẹwàá ńkọ́? Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe ń pe mẹ́sàn-án ìyókù, kí ojú má baà ti ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́. Mo ti rí i tí bàbá mi pín ọkà iwájú rẹ̀ sí méjì fún ẹni tí ó wá sin ín lówó. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ́mọkùnrin Èkó yẹn ni ẹnì kẹwàá, kí ni ìbá ṣe? Bí ó bá na ọwọ́ sí òkúta dúdú yẹn, iṣẹ́ bọ́. Mo pè é síbi tí n kò ní àṣẹ láti pè é. Ọ̀rẹ́ mi ní búkà ńkọ́, ǹjẹ́ olóúnjẹ í bá mi jẹ nínú àwo mi? Kì í bá mi jẹ, n kò sì tíì rí èsì gúnmọ́ fún un. Mo kàn mọ̀ pé ní búkà, bí ojúlùmọ̀ bá ń kọjá, mo lè ké sí i kí ó fa bẹ́ǹṣì, kí a jọ máa bu òkèlè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi bí ó ti ń bó ẹ̀wà. Mo sọ bí àkàrà náà ti kéré tó, mo sì dárúkọ owó rẹ̀. Ó da èèpo nù, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi lọ ẹ̀wà náà tàbí ọlọ. N kò mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Àjàní, ọmọ tí ó dúró lẹ́yìn yín yẹn, ṣé òun ti jẹun?"

Mo ní n kò bi í.