Ọ̀mì ni Òpin Ayò

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tí ó ti di onímọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá, bá mi nídìí ọpọ́n ayò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣì ń ta ayò? Wọ́n ti ta á tán ní òkè òkun!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Ọ̀ta tí mo dojú kọ ti pa mí láyò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, ẹni tí a ń nà lọ́wọ́ kì í sì í fẹ́ gbọ́ pé ìjà ti parí.

Kì í ṣe àwàdà lásán ni ó ń ṣe. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní ìlú Amsterdam fi ẹ̀rọ yẹ gbogbo ipò tí ọmọ lè wà nínú eré Awari wò. Àwọn ipò náà lé ní bílíọ̀nù 889. Ọmọ ìyá kan náà ni Awari àti ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjì tí kì í ṣàṣìṣe bá pàdé, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Bí a bá ti wá mọ òpin nǹkan, ǹjẹ́ ó tún yẹ kí á máa ṣe é? Ẹni tí ó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Àkàrà-ògùn kò kú sínú igbó, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn náà. Síbẹ̀ àyà wa ń já.

Ohun tí ó jẹ mí lógún ju èyí lọ ni òfin kan nínú ayò. Bí ọmọ bá tán pátápátá ní apá ẹnì kejì, ẹni tí ó kàn láti ta gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe. O lè ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa á. Mo mọ àwọn olówó kan tí ìbá dára kí wọ́n ti kọ́ ayò. Ẹ̀rọ pẹ̀lú ń pa òfin náà mọ́, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ọmọdé ní tirẹ̀, ariwo àwọn òǹwòran ni yóò kọ́ ọ, ìtìjú náà ni yóò sì gbé relé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò gbà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò rí ọ̀ta tí ń pa òfin yẹn mọ́ lórí ọpọ́n, tí ebi sì ń pa ìyàwó rẹ̀ nílé?" Mo ti rí i, kì í ṣe ẹyọ kan. N kò rí èsì gidi fún un. Mo ní kí ó jókòó, mo sì pín ọmọ sínú àwọn ihò.

Ó ti gbàgbé ayò títa. Kò pẹ́ tí apá tirẹ̀ fi gbẹ pátápátá. Kò wo ọpọ́n mọ́, ojú mi ni ó ń wò.